Bill Mason

William Clifford Mason, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bill Mason (ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1929 – ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1988), jẹ́ atukọ̀, olùdarí fíìmù, ayàwòrán, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà. Kí òkìkí rẹ̀ tó kàn nínú iṣẹ́ fíìmù, ó ti jẹ́ olórí ìrìnàjò ní ibùdó ìgbà ooru, níbi tí ó ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sínú ijù pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí a ń fi ọwọ́ tù. Méjì nínú àwọn fíìmù rẹ̀ ni a yàn mọ́ àwọn tó dupò fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Àwọn fíìmù àti ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Path of the Paddle sì di ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí ìrìnàjò àwọn ọ̀dọ́ lórí omi fi kọ́ iṣẹ́ wọn. Ohun tó so gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ pọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí olórí ìrìnàjò máa ń kọ́ àwọn ọmọ: bí ènìyàn ṣe lè la ijù kọjá láìba ohunkóhun jẹ́ níbẹ̀, kí ó sì padà sílé ní àlàáfíà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Winnipeg, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Manitoba ní àárín gbùngbùn Kánádà, ni wọ́n bí Mason sí. Ní ìgbà èwe rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń lo ìgbà ooru ní Grand Beach, ní etí Adágún Winnipeg. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ọkọ̀ àjẹ̀ ti wọ ọkàn rẹ̀. Ènìyàn kúkúrú ni, kì í sì í ṣe ẹni tí a lè tètè rí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí omi, ọgbọ́n ni ó ń gbé ọkọ̀ ju agbára lọ, ó sì tètè mọ èyí.

Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì ìlú Manitoba, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ọdún 1951. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán fún ìpolówó ọjà ní Winnipeg. Iṣẹ́ yìí ni ó fi ń jẹun, ṣùgbọ́n inú igbó àti ojú omi ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí ìgbà ooru bá ti dé, kì í fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì.

Ọkọ̀ àjẹ̀ àti àwọn ibùdó ìgbà ooru

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n ni ọgbọ́n ọkọ̀ tí Mason fẹ́ràn yìí. Èèpo igi birch ni wọ́n ń lò láti kan án, wọn a fi gbòǹgbò igi rán an, wọn a sì fi oje igi dí ojú ibi tí wọ́n rán. Ọkọ̀ náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbé e lé èjìká, ó sì lágbára tó láti ru ẹrù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ọkọ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò awọ ẹranko láti Yúróòpù gbà lò nígbà tí wọ́n ń la odò àti adágún kọjá wọ inú ilẹ̀ náà. Ní ìlú tí adágún àti odò ti pọ̀ bíi ti Kánádà, ọkọ̀ tí a lè tù lórí omi, tí a sì lè rù lórí ilẹ̀, ni ó ṣí ọ̀nà sí ibi gbogbo.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà àti Kánádà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó ìgbà ooru sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Lára àwọn tó lókìkí jù lọ ní Kánádà ni Camp Ahmek, tí Taylor Statten dá sílẹ̀ ní ọdún 1921 ní etí Adágún Canoe nínú Algonquin Park ní ìpínlẹ̀ Ontario. Ní irú àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ a máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, iná dídá àti ọkọ̀ títù. Ìrìnàjò ọlọ́jọ́ púpọ̀ lórí omi ni ó sì máa ń jẹ́ góńgó ẹ̀kọ́ náà.

Ní Manitoba Pioneer Camp

Ibùdó Manitoba Pioneer Camp, tó wà ní Shoal Lake nítòsí ààlà Manitoba àti Ontario, ni Mason ti ṣe iṣẹ́ olórí ìrìnàjò. Ẹgbẹ́ Kristẹni kan tí a ń pè ní Inter-Varsity Christian Fellowship ni ó ni ibùdó náà. Mason, tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ tọkàntọkàn, rí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìfẹ́ rẹ̀ sí Ẹlẹ́dàá àti ìfẹ́ rẹ̀ sí ìṣẹ̀dá ti lè pàdé.

Iṣẹ́ olórí ìrìnàjò kì í ṣe eré. Ẹni tó ń ṣe é sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀, tó fi ọdún díẹ̀ péré ju àwọn ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ lọ. Òun ni yóò ka àwòrán ilẹ̀, òun ni yóò ṣe òdiwọ̀n oúnjẹ kí ó má baà tán kí wọ́n tó délé, òun ni yóò sì wo ojú ọ̀run àti afẹ́fẹ́ kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò ní èbúté. Níbi tí ilẹ̀ bá ti pín adágún kan níyà kúrò lára òmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ ru ọkọ̀ àti ẹrù kọjá nínú igbó. Igi kan tí a gbẹ́ bí àjàgà máa ń wà ní àárín ọkọ̀, èyí tí ẹni tó rù ú yóò fi lé èjìká. Ọ̀nà náà lè kún fún ẹrẹ̀, òkúta àti ẹ̀fọn. Ọmọ tí ó bá rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ìyànjú, ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà gbọ́dọ̀ rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìpinnu tó le jù lọ fún olórí ìrìnàjò máa ń wáyé ní ibi tí odò bá ti ń ru gùdù láàárín àpáta. Ó gbọ́dọ̀ yàn bóyá kí wọ́n tu ọkọ̀ la omi ríru náà kọjá, tàbí kí wọ́n ru ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ yí i ká. Àwọn ọmọ a máa fẹ́ gba ojú omi, nítorí pé ó dùn, ó sì yá. Bí olórí náà bá ṣe àṣìṣe, àwọn ọmọ ni yóò fara gbá a. Kò sí ilé ìwòsàn nítòsí, ilé sì jìnnà. Iṣẹ́ àgbà ọjà tí kì í jẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fíìmù

Ojú ọ̀nà fíìmù ṣí fún Mason nígbà tí Christopher Chapman, olùdarí fíìmù ọmọ Kánádà, mú un láti hàn gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ nínú fíìmù Quetico, tó jáde ní ọdún 1958. Fíìmù náà dá lórí igbó ọba Quetico ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ontario. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mason kó lọ sí ìlú Ottawa, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Crawley Films, níbi tí ó ti ń ya àwòrán tí a ń mú rìn lójú fíìmù.

Fíìmù tirẹ̀, Wilderness Treasure, jáde ní ọdún 1962. Ìrìnàjò ọkọ̀ àjẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ láti ibùdó Pioneer ni ó fi hàn nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe fún àwọn ọmọ díẹ̀ lórí omi di ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jókòó wò. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú National Film Board of Canada, àjọ fíìmù ti ìjọba Kánádà tí a mọ̀ sí NFB, níbi tí ó ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù rẹ̀.

Paddle to the Sea àti àwọn Adágún Ńlá

Ní ọdún 1966, Mason ṣe fíìmù Paddle to the Sea, tí ó gbé jáde láti inú ìwé àwọn ọmọdé tí Holling C. Holling tẹ̀ jáde ní ọdún 1941. Ìtàn náà dá lórí ọmọdékùnrin ọmọ onílẹ̀ kan ní àríwá Adágún Superior, tí ó gbẹ́ ọkọ̀ kékeré kan pẹ̀lú ère ènìyàn nínú rẹ̀. Ọmọ náà gbé ọkọ̀ yìí sórí yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi gbé e lọ láti odò kékeré dé Adágún Superior, ó sì gba àwọn Adágún Ńlá kọjá títí ó fi dé òkun. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kékeré náà bá ìjì, iná igbó, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá àti ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ pàdé. Àwọn ọmọdé wò ó gẹ́gẹ́ bí ìtàn adùn, àwọn àgbàlagbà sì rí i nínú rẹ̀ pé ohun tí a bá dà sínú omi ní òkè odò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò mu ún. A yan fíìmù náà mọ́ àwọn tó dupò fún Oscar.

Ní ọdún 1968, ó ṣe The Rise and Fall of the Great Lakes, níbi tí atukọ̀ kan ti ń bá àwọn Adágún Ńlá yí padà láti ìgbà yìnyín títí di ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti sọ omi wọn di ẹlẹ́gbin. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni ó wà lábẹ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Blake jáde, fíìmù kúkúrú nípa Blake James, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré rìn káàkiri ìlú bí ó ti wù ú. Òun náà wọ inú àwọn tó dupò fún Oscar.

Àwọn fíìmù ìkookò

Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àríwá Amẹ́ríkà ka ìkookò sí ọ̀tá tí ó yẹ kí a pa run. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹranko igbó ní Kánádà gbé iṣẹ́ fún Mason láti ṣe fíìmù tí yóò fi òtítọ́ nípa ẹranko náà hàn. Ó tẹ̀ lé àwọn ìkookò dé agbègbè òtútù ní àríwá, ó sì tún sin díẹ̀ nínú ọgbà tí a mọ yíká nítòsí ilé rẹ̀ ní Meech Lake, ìpínlẹ̀ Quebec, kí ó lè ya ìgbé ayé wọn láti itòsí. Death of a Legend jáde ní ọdún 1971, Cry of the Wild sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1972. Èyí kejì yìí dé àwọn ilé sinimá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wò ó. Àwọn fíìmù náà fi ìkookò hàn bí ẹranko tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀, tó sì ní ipò tirẹ̀ nínú igbó. Ní ọdún 1974, ó gbé In Search of the Bowhead Whale jáde, nípa àwọn àbùùbùtán inú òkun àríwá.

Path of the Paddle

Iṣẹ́ tó sún mọ́ ohun tí Mason ti ń ṣe ní ibùdó jù lọ ni ọ̀wọ́ fíìmù mẹ́rin tí a ń pè ní Path of the Paddle, tó jáde ní ọdún 1977. Méjì kọ́ ẹni tó ń dá ọkọ̀ tù, méjì kọ́ àwọn tó ń tù ú pọ̀. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, fíìmù àkọ́kọ́ wà fún omi tó dákẹ́, ìkejì sì wà fún omi ríru. Paul, ọmọkùnrin rẹ̀, wà lára àwọn tó bá a tukọ̀ nínú wọn.

Mason ṣàlàyé pé kíkúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ sàn ju jíjókòó lọ nígbà tí omi bá ń ru, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Ó fi hàn bí ẹni tó wà ní ìdí ọkọ̀ ṣe lè yí ẹnu àjẹ̀ ní òpin ìfà rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yà. Ó fi hàn bí a ṣe lè kọ orí ọkọ̀ sí òkè odò láti sọdá láìjẹ́ kí omi gbé wa lọ, àti bí a ṣe lè sinmi nínú omi tó dákẹ́ lẹ́yìn àpáta. Ó jẹ́ kí kámẹ́rà ya àwọn ìgbà tí ọkọ̀ òun dojú dé àti ìgbà tí omi fọ́ ọ mọ́ àpáta, kí àwọn tó ń wò ó lè mọ ohun tí àṣìṣe ń fà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tẹnu mọ́ jù lọ kò ní í ṣe pẹ̀lú agbára apá. Ó ní láti kọ́kọ́ gúnlẹ̀, kí a fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo omi ríru láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a tó pinnu. Bí iyè méjì bá wà, orí ilẹ̀ ni kí a gbà. Lójú Mason, kò sí ìtìjú nínú ríru ọkọ̀. Ẹni tó mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun wọ omi ni ó mọ ọkọ̀ tù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní Kánádà ìgbà náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1978, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn fíìmù náà jáde, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan wà lórí ìrìnàjò ọkọ̀ àjẹ̀ ní Adágún Timiskaming, ní ààlà Ontario àti Quebec, nígbà tí ọkọ̀ wọn dojú dé. Ọmọdékùnrin 12 àti ọ̀kan nínú àwọn olùdarí wọn kú nínú omi títutù náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mú kí gbogbo orílẹ̀-èdè náà máa béèrè irú ẹni tí ó yẹ kí a fi ọmọ lé lọ́wọ́ lórí omi, àti ohun tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ kí ó tó gbéra. Ní ọdún 1980, Mason tẹ Path of the Paddle jáde ní ìwé, pẹ̀lú àwọn àwòrán tó fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Títí di òní, ìwé náà wà lára àwọn tí a mọ̀ jù lọ lórí ọkọ̀ àjẹ̀ títù.

Ọkọ̀ rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀

Irú ọkọ̀ tí Mason fẹ́ràn jù lọ ni Prospector, tí ilé-iṣẹ́ Chestnut ní ìlú Fredericton, ìpínlẹ̀ New Brunswick, máa ń ṣe nígbà náà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀, aṣọ líle tí a kùn lọ́dà sì ni a fi bò ó. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16. Nítorí àwọn fíìmù Mason, ọkọ̀ pupa yìí di ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dá a mọ̀.

Ní ọdún 1959, ó fẹ́ Joyce Ferguson. Wọ́n bí Paul àti Becky, wọ́n sì tọ́ wọn dàgbà ní Meech Lake, nítòsí Ottawa. Fíìmù Song of the Paddle, tó jáde ní ọdún 1978, fi gbogbo ìdílé náà hàn lórí ìrìnàjò ní Adágún Superior: bí wọ́n ṣe ń pa àgọ́, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń fara da òjò. Ìwé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ó dá lórí gbígbé nínú ijù, jáde ní ọdún 1988. Becky di ayàwòrán àti olùkọ́ ọkọ̀ títù. Paul náà di atukọ̀ tí a mọ̀ sí omi ríru, ó sì ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀.

Waterwalker àti àwòrán yíyà

Fíìmù ńlá tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ni Waterwalker, tó jáde ní ọdún 1984. Bruce Cockburn, olórin ọmọ Kánádà, kópa nínú orin rẹ̀. Nínú fíìmù náà, Mason ń dá tukọ̀ lọ ní etí Adágún Superior àti lórí àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀, ó ń yàwòrán, ó sì ń ronú lórí ipò ènìyàn nínú ìṣẹ̀dá. Ó gbà pé ilẹ̀ àti omi kì í ṣe ohun ìní ènìyàn láti bàjẹ́, nítorí pé Ọlọ́run ni ó ni wọ́n. Ó bọ̀wọ̀ fún ojú tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ń wo ilẹ̀, ó sì rí i pé àwọn tó wá láti òkè òkun ní púpọ̀ láti kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí ó fẹ́ràn jù lọ ní agbègbè náà ni Denison Falls, níbi tí omi odò Dog ti ń já láti orí àpáta.

Lẹ́yìn Waterwalker, ó fi fíìmù sílẹ̀ kí ó lè gbájú mọ́ àwòrán yíyà. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni ó fi ń tẹ́ ọ̀dà sórí pépà, Turner, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì ni ẹni tí ó ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn àwòrán rẹ̀ kún fún ìkùukùu, ìjì àti omi, ọkọ̀ kékeré kan sì sábà máa ń wà níbi kan nínú wọn.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó fi sílẹ̀

Ní ọdún 1988, àwọn dókítà sọ fún Mason pé ó ní àrùn jẹjẹrẹ. Ní ìgbà ooru ọdún náà, ó kó àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí odò Nahanni ní Northwest Territories, wọ́n sì tu ọkọ̀ papọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Ó kú sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1988, ní ẹni ọdún 59. Canoescapes, ìwé àwọn àwòrán rẹ̀, jáde ní ọdún 1995. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, James Raffan tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, tí ó pè ní Fire in the Bones. Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Kánádà fi àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù lẹ́tà. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ àjẹ̀ ti Kánádà ní ìlú Peterborough ń tọ́jú.

Ní agbègbè Ottawa, ibùdó ẹ̀kọ́ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń kọ́ nípa igbó àti omi. Ní gbogbo ìgbà ooru, àwọn ọ̀dọ́ olórí ìrìnàjò ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ṣì ń gúnlẹ̀ ní òkè omi ríru, wọ́n ń rìn lọ wò ó kí wọ́n tó pinnu, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn pé kí wọ́n ru ọkọ̀.